Ajá wa tún ti bímọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Màmá Ìbejì, Kúbwà: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Abo ajá wa tún bí méje, ìgbà kejì láàárín ọdún kan rèé. Àwọn tó gba ọmọ ajá lọ́wọ́ mi nígbà àkọ́kọ́, bí wọ́n bá rí mi lókèèrè báyìí, ṣe ni wọ́n ń yà bàrá. Wọ́n ní dókítà ẹran lè yọ ilé ọmọ rẹ̀. Akọ kan náà wà nílé, ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì ní bí a bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, olè á wọlé, á kàn máa wò ó ni. Ṣé òótọ́ ni?

Àdùkẹ́, Gwárínpá: Kì í ṣe ẹpọ̀n ni ajá fi ń gbó mà 😂 Tèmi ti di ọ̀dá tipẹ́, kò sí àjèjì tó lè fọwọ́ kan géètì wa. Fẹ́ǹsì tó máa ń fò láti wá abo lọ ló fi sílẹ̀. Ìrìn yẹn ni wọ́n fi ń kó kókó tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lójú ara, torí bí wọ́n bá ti gun ara wọn ló ń ràn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, akọ ṣì lè fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan o. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bàbá Àrẹ̀mú, Zaria: Ti abo yẹn ló ká mi lára jù. Tèmi dàgbà, a ò ṣe nǹkan kan. Ó wá akọ tán, kò ju bí oṣù kan lọ, ó ń mu omi bí ẹni gbààwẹ̀, kò jẹun mọ́. Ọyún ló ti kún ilé ọmọ! Ilé ìwòsàn ẹran ABU níbí ló yọ ọ́, Ọlọ́run ló yọ wá. Ká ní a ti ṣe é kó tó wá akọ rárá ni, jẹjẹrẹ ọmú gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú.

Màmá Ìbejì: Ẹ ṣé sà. Ṣé kí n gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí?

Àdùkẹ́: Rárá mà, ẹ jẹ́ kó já àwọn ọmọ lẹ́nu ọmú, kí ọmú rẹ̀ gbẹ. Yunifásítì Àbújá ní ilé ìwòsàn ẹran ní Gwagwalada, ó jìnnà sí Kúbwà díẹ̀. Bí iṣẹ́ abẹ bá ku ọ̀la, ẹ má fún un lóúnjẹ láti alẹ́ o. Èmi ju egungun sí tèmi láàárọ̀, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ẹ má sì jẹ́ kó lá ojú abẹ, bí ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n á já okùn rẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ ni kí ẹ dín kù lẹ́yìn náà, wọ́n máa ń sanra. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ọdọọdún ò yí padà.

Kúnlé, Kaduna: Ológbò ńkọ́? Akọ tèmi ń tọ̀ sára kọ́tìnnì.

Àdùkẹ́: Tètè tẹ̀ ẹ́, kó tó mọ́ ọn lára.

Màmá Ìbejì: Bàbá Ìbejì ti kà á tán. Ó ní òun fara mọ́ ti abo, ká fi akọ sílẹ̀ ná.

Àdùkẹ́: Ọkùnrin ń gbèjà ọkùnrin 😂