Ìgbà wo ni ó yẹ kí n ti yí padà lójú ọ̀nà Popham?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Bedford

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ kìíní oṣù yìí, mo sì gbà pé ẹ̀yin tí ẹ ti ń wa bàálù kéékèèké nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà pípẹ́ lè là mí lọ́yẹ̀.

Ó ti pé ọdún méjì tí mo gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n n kò tíì fi bàálù lọ rí sí ìpéjọ Ọdún Tuntun tí wọ́n máa ń ṣe ní pápá Popham, ní Hampshire. Ọ̀rẹ́ mi kan ti débẹ̀ ṣáájú, ó sì fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀: oòrùn ràn, bàálù sì tò lọ rẹrẹ lórí koríko. Àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tí mo kà ní òjò ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, ó sì kọ àmì PROB30 TEMPO síwájú ìkùukùu tí yóò wà ní 800 ẹsẹ̀ bàtà. Mo sọ fún ara mi pé ìdá 30 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni, pé ìdá 70 tó kù wà lọ́dọ̀ mi. Bí èmi àti ìyàwó mi ṣe gbéra nìyẹn, nínú Cessna 152 tí mo háyà.

A gba ìwọ̀-oòrùn Luton kọjá, gbogbo nǹkan sì dára títí a fi dé ìtòsí Didcot. Láti ibẹ̀ ni ìkùukùu ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí èmi náà ń tẹ̀ lé e wálẹ̀, láti 2,000 ẹsẹ̀ bàtà sí 1,700, láti ibẹ̀ sí 1,500, láti ibẹ̀ sí 1,300, n kò sì ro ti ilẹ̀ tó ń gòkè bọ̀ wá pàdé wa. Nígbà tí a sọdá òpópónà M4, omi òjò ti ń sá gòkè lójú gíláàsì, mo sì rí òkè kan ní gúúsù Newbury tí kò ní orí mọ́. Ìyàwó mi kò sọ ohunkóhun. Ó kàn di ẹ̀gbẹ́ ìjókòó rẹ̀ mú ni. Mo yí padà, mo sì lọ balẹ̀ sí pápá kékeré kan tí a ti kọjá.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ojo ni mí, pé ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló kù. Ní tèmi, ó ń ṣe mí bíi pé mo ti pẹ́ jù kí n tó yí i. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń mọ ibi tí ẹ ó ti padà? Ṣé ojú ni ẹ fi ń wò ó, àbí ẹ máa ń kọ iye kan sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra?

Bàbá Àwòdì

Àbúrò mi, a dúpẹ́ pé ìwọ àti ìyàwó rẹ balẹ̀ láyọ̀. O pẹ́ lóòótọ́, n kò ní fi bò fún ọ, ṣùgbọ́n o padà, ìyẹn ni mo sì fi ń bá ọ yọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣírò nípa Popham ni pé orí ilẹ̀ gíga ni pápá náà wà, 550 ẹsẹ̀ bàtà sókè ojú òkun. Ìròyìn ojú ọjọ́ tí a ń kà nígbà tí a bá ń lọ síbẹ̀ sábà máa ń wá láti Farnborough tàbí Southampton, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ pápákọ̀ tí ìròyìn ti wá ni wọ́n ti ń wọn ìkùukùu. Southampton kò ga ju 44 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Bí wọ́n bá ní ìkùukùu wà ní 900 ẹsẹ̀ bàtà níbẹ̀, tí ìkùukùu yẹn sì tẹ́ lọ bákan náà títí dé Popham, kò ní ku 400 ẹsẹ̀ bàtà láàárín rẹ̀ àti koríko tí o fẹ́ balẹ̀ sí. Òkè Walbury, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni o rí nì, ga tó 974 ẹsẹ̀ bàtà, nítorí náà inú ìkùukùu ni orí rẹ̀ yóò wà. Àwòrán ọ̀rẹ́ rẹ kò lè sọ ìyẹn fún ọ. Ó sọ bí Popham ṣe rí ní aago mẹ́wàá, kò sọ bí ojú ọ̀nà yóò ṣe rí ní aago méjìlá.

Ìwọ béèrè iye tí a ń kọ sílẹ̀. Èmi kì í gbéra bí ìkùukùu kò bá fi 1,500 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ilẹ̀ tó ga jù lọ lójú ọ̀nà mi. Bí mo bá ti wà lókè, mo ń ka iye ìgbà tí ìkùukùu mú mi sọ̀kalẹ̀: ní ẹ̀ẹ̀kíní, mo ń wá pápá tó wà nítòsí lórí máàpù, ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo ti yí padà, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀, kódà ara mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìwọ sọ̀kalẹ̀. Àwọn àgbà ní bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà kì í pẹ́ dí bí òjò bá ti ń yí ni ká.

Ní ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi ń bú ọ: ní 1954, Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà mú 20 akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ bí a ṣe ń fi àwọn aago inú bàálù nìkan fò láìwo ìta, wọ́n sì ṣe é kí wọ́n má lè rí ìta mọ́, bí ẹni wọ inú ìkùukùu. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí bàálù kò bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Bí a bá pín àkókò wọn dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 178 ni, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì, Milton Keynes

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Àbúrò, mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan: nígbà tí o ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọ̀rinrin yẹn, ṣé o rántí kábúrétọ̀, apá ẹ̀ńjìnnì tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́? Afẹ́fẹ́ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá lè fi ohun tó lé ní 20 ìwọ̀n Celsius tutù ju ti òde lọ, ìdí nìyẹn tí yìnyín fi lè dì níbẹ̀ kódà lọ́jọ́ tí òde kò tutù. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ọwọ́ aago tó ń ka yíyí ẹ̀ńjìnnì ń lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí ariwo kankan. Mo fa ọwọ́ ooru kábúrétọ̀, èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná ránṣẹ́ sínú rẹ̀, jáde tán, ni ẹ̀ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó ń wúkọ́ bí ẹni tí omi há lọ́fun. Gbogbo ara mi ní kí n tì í padà, ṣùgbọ́n olùkọ́ mi ti kìlọ̀ fún mi pé yìnyín tó ń yọ́ ló ń gba inú ẹ̀ńjìnnì kọjá. Mo ka ení, èjì, títí dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohùn rẹ̀ sì là.

Èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú tàbí owó dí yín lọ́wọ́ láti balẹ̀ síbòmíràn. Ètò kan wà tí Charles Strasser ti AOPA, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ni bàálù, dá sílẹ̀, tí pápá tó ju 200 lọ ti fọwọ́ sí, pé wọn kò ní gba owó ìbalẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ tí ojú ọjọ́ burúkú lé wá. Bí o kò bá sì mọ ibi tí o wà mọ́, pe 121.5, ìkànnì pàjáwìrì, lórí rédíò. Àwọn tó ń dáhùn ní Swanwick kò ní bá ọ wí. Wọn yóò sọ ibi tí o wà àti pápá tó sún mọ́ ọ. A tiẹ̀ lè pè wọ́n láti fi kọ́ra nígbà tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀, mo sì bẹ̀ ọ́ kí o ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, kí ohùn wọn má baà jẹ́ àjèjì sí ọ lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá bà ọ́.

Ọmọ Ọ̀fà

Mo bá Bàbá Àwòdì lọ lórí púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn, àfi ibì kan. Bí a bá ní dandan ni kí ìkùukùu fi 1,500 ẹsẹ̀ bàtà ga ju gbogbo òkè ọ̀nà, ẹni tó ń gbé ilẹ̀ yìí kò ní fò láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Zaria ni mo ti kọ́ṣẹ́. Níbẹ̀, bí ọyẹ́ bá dé, ó lè jókòó fún ọjọ́ mélòó kan, a ó sì pa bàálù tì, a ó lọ jẹun. Ti ibí máa ń yí padà láàárín wákàtí kan, sí dáadáa tàbí sí búburú, nítorí náà èmi máa ń gbéra bí iwájú bá dára, bí ibi tí mo ti kúrò bá ṣì ṣí sílẹ̀, tí mo sì ti mú pápá méjì mìíràn sọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú, àṣìṣe tí mo rí ni ìtumọ̀ tí ẹ fún PROB30 TEMPO. Ohun tó ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe, ní ìdá 30, kí ojú ọjọ́ náà máa wá, kó máa lọ, tí ìgbà kọ̀ọ̀kan kò ní tó wákàtí kan. Ẹni tí ìkùukùu 800 ẹsẹ̀ bàtà bá ká mọ́ òkè Newbury fún ogún ìṣẹ́jú kò rí èrè kankan nínú ìdá 70 tó kù. Ohun tí èmi ń wò lójú ọ̀nà ni ìyàtọ̀ láàárín ooru afẹ́fẹ́ àti ìwọ̀n tí ìrì fi ń sẹ̀. Ẹ fi 400 ẹsẹ̀ bàtà sọ ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan di púpọ̀: bí ó bá jẹ́ 8 sí 6, ìkùukùu ò ní jìnnà sí 800. Bí ìròyìn tuntun bá fi hàn pé àwọn méjèèjì ń sún mọ́ra, mo ti ń wá ibi tí n ó balẹ̀ sí.

Ẹ tún rántí pé ọ̀sán kúrú lásìkò yẹn; oòrùn ń wọ̀ bí aago mẹ́rin bá ti lé díẹ̀. Koríko sì ni Popham. Ìtọ́ni CAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí a fi ìdá 30 kún gígùn tí a nílò láti gbéra lórí koríko tútù, kí a sì fi ìdá 35 kún ti ìbalẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ dé nínú òjò, ìṣòro àtigbéra padà ṣì ń dúró dè é.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Bedford

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ìyá Ìbejì, n kò fa ọwọ́ ooru kábúrétọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti Didcot títí mo fi padà. Èyí bà mí lẹ́rù ju òkè yẹn lọ.

Ọmọ Ọ̀fà, mo gbọ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n ti Bàbá ni mo máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí n kò tíì ní ọgọ́rùn-ún wákàtí. Mo ti kọ ọ́ sórí pátákó kékeré tí mo ń so mọ́ itan: ìga ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, iye ìsọ̀kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyàwó mi kà á lálẹ́ àná, ó ní òun ni yóò máa ka ìsọ̀kalẹ̀ náà sókè, pé bí òun bá pe èjì, kí n má bi òun léèrè mọ́, kí n yí i.