Wọ́n ya abọ́ mi sọ́tọ̀ nítorí ikọ́

Ìyá Fọlá: Ẹ gbà mí o. Ìkéré ni mo wà. Látìgbà tí ikọ́ yìí ti ń dà mí láàmú, ìyá ọkọ mi ti ya abọ́ àti ife mi sọ́tọ̀. Iyán tí mo fọwọ́ ara mi gún lọ́jọ́ Àìkú, kò sẹ́ni tó bù ú. Àbúrò ọkọ mi tí mo sanwó ilé ìwé ẹ̀ ló ń fi ìbòmú bá mi sọ̀rọ̀! Kí ni kí n ṣe fún wọn?

Màmá Táyé: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ikọ́ ife, oṣù mẹ́fà ló fi lo oògùn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò.

Ọmọ Ìfàkì: Orógbó àti oyin. Kí ẹ sì kó jáde nílé wọn.

Ìyá Fọlá: Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí ikọ́ ife. N ò sì kó lọ ibì kankan, èmi ni mo kọ́ ilé ìdáná yẹn.

Màmá Táyé: Àyẹ̀wò máa ń parọ́ o.

Nọ́ọ̀sì Adó: Màmá Táyé, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá Fọlá, kí ni dókítà wá ní ó ń ṣe yín?

Ìyá Fọlá: Sarcoidosis. Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó ọrùn mi lọ yẹ̀ wò. Ìyá ọkọ mi ní wọ́n fi orúkọ yẹn bo ikọ́ ife mọ́lẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Adó: Kì í ranni rárá. Àwọn ọmọ ogun ara ló ń kóra jọ láìrí ọ̀tá, wọ́n á di kókó wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró, awọ ara, ojú, ọkàn pàápàá. A ò tíì mọ ohun tó ń fà á gan-an. Nínú fọ́tò àyà, ó máa ń jọ ikọ́ ife, ó ti tan èmi náà rí. Oògùn wo lẹ̀ ń lò?

Ọmọ Ìfàkì: Bernie Mac, aláwàdà Amẹ́ríkà yẹn, ní in. Ó kú ní 2008.

Màmá Táyé: Ṣé báyìí la ṣe ń tu aláìsàn nínú?

Ìyá Fọlá: Prednisolone, oṣù mẹ́rin. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí búrẹ́dì, wọ́n ń bi mí lọ́jà bóyá mo lóyún. Mo ti pa á tì láti ọjọ́ Ẹtì, àgbo ni mò ń mu. Àpólò tún wá mú ojú ọ̀tún mi, ìmọ́lẹ̀ ń gún un.

Nọ́ọ̀sì Adó: Háà! A kì í dáwọ́ oògùn yẹn dúró lójijì, ara ti gbára lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà fi ń dín in kù. Ta ló sọ pé àpólò ni? Àìsàn yìí ń wọnú ojú, ó sì lè fọ́ ọ. Ẹ lọ lónìí, ẹ mú oògùn àti àgbo yẹn dání. Ọ̀rọ̀ abọ́ á dúró.

Ìyá Fọlá: Mo ti wà lórí ọ̀kadà. Ìyá ọkọ mi wà lórí òmíràn lẹ́yìn mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Wọ́n mú ife tiwọn dání.