Ẹ gbà mí o: ẹ̀rọ CNC tí mo fọwọ́ ara mi tò ń ṣìnà lórí irin

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo wà nínú ìjọ̀ngbọ̀n. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi to tábìlì plasma yìí (ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó ń fi iná gé irin) sínú gáréèjì, láti orí férémù dé orí wáyà, ọ̀la ni mo sì ṣèlérí pé màá kó irin pẹlẹbẹ 40 fún oníbàárà. Ihò mẹ́ta àkọ́kọ́ bọ́ síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n láti orí ìkẹrin ni wọ́n ti ń yẹ̀ sápá ọ̀tún, nígbà tí mo sì fi dé orí ìkẹsàn-án, ó ti fi mìlímítà 4 ṣìnà. Kọ̀ǹpútà kò ké, kò bú. Ó dá a lójú pé ibi tó yẹ lòun wà. Arduino (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré) àti GRBL (ètò orí rẹ̀ tó ń darí motor) ni mo lò. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Bàbá Ìbejì: Àbúrò, fara balẹ̀. Àṣẹ nìkan ni kọ̀ǹpútà ń pa fún stepper motor (mọ́tò tó ń yí ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀), kò sẹ́ni tó ń padà wá jíṣẹ́ fún un. Tọ́ọ̀ṣì tó ń gé irin yẹn, ṣé irú tó ń fi high frequency (iná tó ń gbọ̀n kíákíá gan-an) tanná ni? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a ti mú olè: ariwo iná rẹ̀ ló ń wọ inú wáyà rẹ. Èmi di wáyà tọ́ọ̀ṣì pọ̀ mọ́ wáyà motor nítorí kó lè dùn-ún wò, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sì tẹ bọ́tìnnì, board jóná, láptọ́ọ̀pù ọmọ mi tẹ̀ lé e. Ya wọ́n sọ́tọ̀, lo wáyà tí wọ́n fi irin híhun wé, kí o sì so híhun náà mọ́ ilẹ̀ ní ìdí (ìpẹ̀kun wáyà) kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n Oníná: Mo kí yín o, Bàbá Ìbejì, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ìdí kan ṣoṣo dára fún ariwo iná tó lọ́ra. Ní ti high frequency, ìdí méjèèjì ló yẹ kí ó kan ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, híhun náà á di eriali.

Bàbá Ìbejì: Ìdí méjèèjì ni mo so nígbà tí board kejì jó!

Ẹ̀gbọ́n Oníná: Níbo lẹ fi dímú wáyà ilẹ̀ tọ́ọ̀ṣì há?

Bàbá Ìbejì: Ara ẹsẹ̀ tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n Oníná: Ẹsẹ̀ tábìlì tó ti dípẹtà, àbí? Ara irin tí ẹ ń gé gan-an ló yẹ kó wà. Iná tí kò rí ọ̀nà tààrà padà yóò gba inú wáyà yín kọjá. Ẹ má di ẹ̀bi náà ru híhun.

Màmá Onírin: Ìjà wáyà tún ti dé. Àbúrò, kí o tó náwó kankan, fi máákà fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí ọ̀pá motor kọjá sórí coupling (ohun tó so ọ̀pá náà pọ̀ mọ́ èyí tó ń yí), kí o wá ṣe iṣẹ́ náà látòkèdélẹ̀ láìtan tọ́ọ̀ṣì. Bí ìlà náà bá pín sí méjì, ìdè kékeré (skúrù) inú coupling ló tú. Mo ra driver (ohun tó ń fún motor níná) tuntun kí n tó mọ̀ pé ìdè tí kò tóbi tó hóró ìrẹsì ló ń fi mí ṣeré, mo sì tún ba òmíràn jẹ́ nígbà tí mo yọ wáyà motor nígbà tí iná ṣì wà lórí rẹ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Mo fa ìlà náà, kò pín. Láìtan tọ́ọ̀ṣì, ó ṣì yẹ̀ ní mìlímítà 1.

Màmá Onírin: A jẹ́ pé ẹ̀bi méjì ló jọ ń gbé. Gé nọ́ńbà tí GRBL ń pè ní $120 (bí ẹ̀rọ ṣe ń tètè gbéra sáré) sí ìdajì, motor rẹ kò lè tètè gbé ẹrù yẹn sáré.

Akọ́lé Yìnyín: Ṣé aluminiomu wà nínú irin 40 yẹn? Má gé e lórí omi tó dúró jẹ́ẹ́ nínú tábìlì o. Hydrogen (gáàsì tó ń gbiná) máa ń kó jọ sábẹ́ rẹ̀, ó sì lè bú gbàmù. Èmi ò níyọnu omi ní tèmi, ó ti di yìnyín nínú tábìlì láti ìjẹta. Ẹ̀yin ará ìlú olóoru kò mọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún yín.

Bàbá Ìbejì: Ìlú olóoru wo? Ooru tiwa lọ́rinrin débi pé compressor mi (ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sí tọ́ọ̀ṣì) ń pọn omi bíi kànga, omi náà sì ń jẹ ẹnu tọ́ọ̀ṣì mi run. Ẹ wá mú lára rẹ̀ lọ sínú yìnyín yín.

Ẹ̀gbọ́n Oníná: Ọ̀gá tó kọ́ mi ní wẹ́dà nílé kò ní kọ̀ǹpútà. Yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, yóò di ojú kan, yóò sì gé e. Bó bá ṣì í, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pòṣé. Àárò òṣé yẹn ń sọ mí nísinsìnyí.

Màmá Onírin: Tèmi máa ń pòṣé, á sì ju òòlù.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Mo ti dín $120 kù, kò yẹ̀ mọ́ láìtan tọ́ọ̀ṣì. Ó ku bó ṣe máa rí bí mo bá tàn án. Ìdí kan híhun ni kí n so mọ́ ilẹ̀, àbí méjèèjì?