Òpin ọ̀sẹ̀ tí a lọ gun Ben Nevis

Ó di ọdún kẹta tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Glasgow, síbẹ̀ títí di oṣù kẹfà tó kọjá, ilé àti ibi iṣẹ́ nìkan ni mo mọ̀ ní Skọ́tíláǹdì. A ń jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ kan ni bàbá kan níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó ti ń gun òkè láti kékeré, bi mí bóyá mo ti fojú kan Ben Nevis rí. Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ó dáa, Jímọ̀ tó ń bọ̀, di ẹrù rẹ."

Àwa márùn-ún la lọ: bàbá náà, tọkọtaya ọmọ Póláǹdì, ọmọbìnrin Íńdíà kan tí tábìlì iṣẹ́ wa kọjú síra, àti èmi. A gba etí adágún Loch Lomond, a gba àárín Glencoe kọjá. Níbẹ̀, òkè há ọ̀nà mọ́ lọ́tùn-ún lósì débi pé kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la dé Glen Nevis, àfonífojì tó wà ní ẹsẹ̀ òkè náà, oòrùn ṣì wà lókè. Lóṣù kẹfà, ó di lẹ́yìn aago mẹ́wàá kó tó wọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì rí kantíkantí Skọ́tíláǹdì, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Kò tó orí abẹ́rẹ́, àmọ́ bí a ṣe ń na àgọ́ wa ni wọ́n bò wá, wọ́n ń jẹ wá nínú etí, wọ́n ń jẹ wá ní gbòǹgbò irun. Bàbá ní ká gbé àgọ́ lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, torí bí atẹ́gùn bá ti le díẹ̀, wọn ò lè fò mọ́. A gbé e lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ la ṣe rí oorun sùn.

Aago méje àárọ̀ Sátidé la gbéra. 1,345 mítà ni òkè náà ga, kò sí òkè tó ga tó o ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Skọ́tíláǹdì àti Wales. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní etí òkun, ìyẹn ni pé gbogbo gíga yẹn pátá lo máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ gùn. Títí a fi dé adágún kékeré tó wà ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, oòrùn ń ràn, mo tiẹ̀ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ṣòkòtò jíìnsì ni mo wọ̀. Bàbá ti kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́.

Nígbà tí a sọdá odò Red Burn, òjò bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà kùrukùru sọ̀ kalẹ̀. Lójú ọ̀nà tó ń lọ́ síhìn-ín lọ́ sọ́hùn-ún lókè, mi ò rí ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú mi mọ́. Òwú ni jíìnsì, ṣe ló ń mu omi tí kò sì tú u sílẹ̀. Ó wúwo, ó lẹ̀ mọ́ mi ní itan, òtútù sì wọ egungun. Mo fẹ́ fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì mi sókè, ìka mi ò dì í mú. Ọmọbìnrin Íńdíà yẹn ló bá mi fà á bí ẹni ń múra fọ́mọ, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó fi wọ̀ mí.

Bàbá rí i. Wọ́n dá gbogbo wa dúró, wọ́n tẹ́ máàpù. Lórí òkè níbẹ̀, ọ̀gbun tó jìn tó 700 mítà wà lápá kan, kòtò àpáta tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Five Finger Gully sì wà lápá kejì. Àwọn èèyàn ti ṣìnà síbẹ̀, wọ́n sì kú. Nínú kùrukùru, kọ́ńpáàsì ni wọ́n fi ń kúrò lórí ṣóńṣó: 150 mítà ní dígírì 231, kí wọ́n tó yà sí 282, wọ́n á sì máa ka ìṣísẹ̀. Bàbá wò mí, wọ́n ní, "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di síìpù mú kò lè ka ìṣísẹ̀. A ń padà."

Ó dùn mí wọra. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, kí àwọn tó kù máa lọ. Ọmọ Póláǹdì yẹn kàn sọ pé, "A jọ wá ni," ó gba báàgì mi gbé.

Lọ́jọ́ Àìkú a lọ sí Steall, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta tó ga tó 120 mítà. Afárá ibẹ̀, wáyà mẹ́ta péré ni: ọ̀kan fún ẹsẹ̀, méjì fún ọwọ́. Nígbà tí mo dé àárín, wáyà ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi, odò ń hó nísàlẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní òdìkejì, wọ́n na ọwọ́ sí mi. Mi ò rántí ìgbà tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Kí a tó máa lọ sílé, bàbá yà wá sí abúlé Corpach. Ojú ọ̀run ti mọ́, Ben Nevis hàn látòkè délẹ̀, yìnyín díẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fẹ́ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ó ní kí n mú un dání di oṣù kẹjọ.