Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe máa mọ sìpíríǹgì ẹ̀yìn tó le jù kí n tó sanwó?

Ọmọ Yàgbà: Òkun o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Sienna ni mo fi ń kó iṣu láti Ìsánlú lọ sí Lọ́kọ́ja, ẹ̀yìn ẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an, tí mo bá ti kó ẹrù díẹ̀ báyìí, gálọ́ọ̀pù kékeré tí mo bá kó sí lẹ́yìn Kàbà, gbàà lẹ máa gbọ́ lábẹ́ mọ́tò. Mẹkáníìkì ní kí n wá sìpíríǹgì tòkunbọ̀ tó le ju tèyí lọ. Ẹni tó ń tà á kó oríṣi méjì síta, gíga wọn dọ́gba, irin ọ̀kan ló kàn nípọn díẹ̀ ju èkejì lọ, ìyẹn ló sì wọ́n jù. Ó ní kí n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ wo ló fẹ́ tẹ irin tó ń gbé mọ́tò? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn lè ṣírò líle ẹ̀? Mi ò lówó tí mo máa ná lẹ́ẹ̀mejì.

Awakọ̀ Ìjùmú: Ẹ fi rọ́bà há a láàárín, tàbí kẹ́ ẹ gé yíyí kan kúrò. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ẹnjiníà Kàbà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì gé nǹkan kan o. Ẹ yá kàlípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn nǹkan, lọ́wọ́ wẹ́dà, ẹ wọn bí irin yẹn ṣe nípọn tó, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ha ọ̀dà àti ìpẹtà ojú ibẹ̀ dànù. Ẹ wọn fífẹ̀ ẹ̀ láti ìta dé ìta, ẹ yọ ìnípọn irin kan kúrò nínú ẹ̀. Ẹ wá ka iye ìgbà tó yí po, ẹ má ka ibi tó jókòó pẹrẹsẹ lókè àti nísàlẹ̀, ìyẹn kì í tẹ̀. Ẹ sọ ìnípọn yẹn di púpọ̀ lọ́nà mẹ́rin, bíi 14 x 14 x 14 x 14, ẹ fi 79,000 sọ ọ́ di púpọ̀, irú irin tí wọ́n fi ń ṣe sìpíríǹgì ló ni nọ́ńbà yẹn. Ẹ wá fi 8 x fífẹ̀ x fífẹ̀ x fífẹ̀ x iye yíyí pín in. Mílímítà ni kẹ́ ẹ fi wọn gbogbo ẹ̀ o. Ohun tó bá jáde ni iye newton, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára, tó máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ní mílímítà kan.

Ọmọ Yàgbà: Mo ti padà lọ wọ̀n ọ́n. Ọ̀kan 14, èkejì 15. Tí mo bá ti yọ ìnípọn kúrò, 120 ni fífẹ̀ àwọn méjèèjì, wọ́n sì yí po lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ẹnjiníà Kàbà: Ti 14 jẹ́ nǹkan bíi 36.6, ti 15 jẹ́ 48. Tí àpò símẹ́ńtì kan, kílò 50, bá gun orí sìpíríǹgì kan, á tẹ ti àkọ́kọ́ wálẹ̀ ní mílímítà 13, á tẹ èkejì ní 10. Ẹ rí i? Mílímítà kan péré ló fi nípọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́ta le jù. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ní kẹ́ ẹ ha ìpẹtà kúrò. Awakọ̀ Ìjùmú, tẹ́ ẹ bá gé yíyí kan lára ti 14, òótọ́ ni pé á le, á di 44, ṣùgbọ́n á kúrú, mọ́tò á tún wálẹ̀ sí i.

Mẹkáníìkì Mọ́pà: Ẹ jẹ́ n fi kún un. Sìpíríǹgì àtijọ́ tí mọ́tò fi wálẹ̀ yẹn, kì í ṣe pé ó rọ̀, ó kúrú ni, líle ẹ̀ lè má yí padà rárá. Ẹ dán èyí tó wà níbẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra òmíì. Ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ wọ̀n láti àárín wíìlì dé etí ara mọ́tò lókè ẹ̀, ẹ má wọ̀n láti ilẹ̀ torí táyà náà ń tẹ̀. Ẹ kó símẹ́ńtì mẹ́rin sínú ẹ̀, lọ́gangan òkè táyà ẹ̀yìn, kì í ṣe ìdí búútù, torí ẹrù tó bá ti kọjá táyà sẹ́yìn, ó ń tẹ ẹ̀yìn ju bó ṣe wúwo lọ. Ẹ mi mọ́tò kó jókòó dáadáa, ẹ tún wọ̀n. Kílò 100 ló bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi iye mílímítà tó fi wálẹ̀ pín in.

Ẹnjiníà Kàbà: Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kílò nìyẹn o, ẹ fi 9.8 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di newton. Tí sìpíríǹgì ò bá sí lọ́gangan wíìlì, ẹ wọ̀n láti bùṣì iwájú, ìyẹn rọ́bà tí apá tó di wíìlì mú fi so mọ́ ara mọ́tò, dé sìpíríǹgì, kẹ́ ẹ tún wọ̀n dé àárín wíìlì. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 àti 50, 0.8 nìyẹn, 0.8 lọ́nà 0.8 jẹ́ 0.64. Ẹ fi 0.64 pín ohun tẹ́ ẹ rí, ìgbà yẹn lẹ tó rí líle sìpíríǹgì fúnra ẹ̀.

Ọmọ Yàgbà: Ọlọ́run á bù kún yín. Ti 15 ni mo máa rà, iṣu ò fúyẹ́. Ṣé sọ́ọ́kì ò ní dà mí láàmú?

Mẹkáníìkì Mọ́pà: Sọ́ọ́kì kì í gbé ẹrù, fífò mọ́tò ló ń dá dúró, sìpíríǹgì tó le sì máa fún un níṣẹ́ sí i. Ẹ yẹ ara ẹ̀ wò, tí epo bá ń jò níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹ tún wo rọ́bà tí ẹ̀yìn ń gbá tó bá tẹ̀ dópin, gbàà tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, ó lè jẹ́ pé ó ti jẹ tán.