Ọmọ Ọ̀kun lókè òkun: koríko iwájú ilé, ìtàkùn àti ẹ̀kan

Ọmọ Iyara, Maryland
Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Òtútù ti ń lọ, ilẹ̀ ti ń jí níbí. Koríko iwájú ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ti pá káàkiri. Ewéko kan tí òdòdó rẹ̀ yẹ́lò, tí ewé rẹ̀ ń dán bí ẹni fi epo pa á, ti gba ẹ̀gbẹ́ kan. Ìtàkùn sì ti gun igi ẹ̀yìnkùlé dé orí. Ọkọ mi fẹ́ ra ajílẹ̀, irúgbìn koríko àti oògùn koríko lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Mopa, Maryland
Ọ̀kun, àbúrò. Ẹ kú oríire ilé. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé kó mú sùúrù díẹ̀, torí méjì nínú ohun mẹ́ta tó fẹ́ dà yẹn ń ba ara wọn jà. Ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n fi ń dènà crabgrass, èpò kan tó máa ń hù sáàárín koríko, kì í jẹ́ kí irúgbìn hù, kò sì mọ irúgbìn tí ẹ fowó rà yàtọ̀ sí ti èpò. Ẹ mú ọ̀kan. Tó bá jẹ́ oògùn lẹ mú, àsìkò rẹ̀ ni ìgbà tí ilẹ̀ bá ti móoru tó nǹkan bí 55 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Igi forsythia àdúgbò máa ń tanná yẹ́lò láàárín àkókò yẹn, ẹ lè máa fi ṣọ́ ọ.

Irúgbìn ní tirẹ̀, ìparí oṣù kẹjọ sí àárín oṣù kẹwàá ló dáa jù fún un. Tall fescue ló pọ̀ jù níwájú ilé níbí, koríko tó fẹ́ràn ìtutù ni. Èyí tí ẹ bá gbìn nísinsìnyí, kò ní tíì ta gbòǹgbò dáadáa tí ooru yóò fi dé.

Kí ẹ tó ra ajílẹ̀, ẹ bu erùpẹ̀ níbi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọgbà, ẹ pò ó pọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Tí pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí erùpẹ̀ ṣe kan sí, bá wà láàárín 6 sí 7, ó dáa. Òfin Maryland kò gba kí ẹ da èròjà ajílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní phosphorus sórí koríko tó ti dúró àfi tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ilẹ̀ nílò rẹ̀. Nitrogen, èròjà ajílẹ̀ mìíràn, kò gbọdọ̀ ju 0.9 pọ́n-ùn lọ lẹ́ẹ̀kan fún 1,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, a kò sì gbọdọ̀ da ajílẹ̀ rárá láti November 15 sí March 1. Òjò ló máa ń gbá a lọ sínú odò títí dé Chesapeake Bay, ewédò á kún omi, ẹja á máa kú. Èmi fara mọ́ òfin yẹn tọkàntọkàn. Ìgbà ìwọ́wé ni kí ẹ bọ́ fescue yín.

Gígé ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó ga tó ínǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má gé ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pọ́n abẹ ẹ̀rọ yín, kí ẹ sì fi èyí tí ẹ gé sílẹ̀ kó jẹrà síbẹ̀.

Òdòdó yẹ́lò yẹn jọ lesser celandine létí mi, àmọ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ká rí i. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ ó rí kókó kéékèèké ní ìdí rẹ̀. Tí kò bá pọ̀, ẹ hú u tòun ti kókó, ẹ kó o sínú àpò ìdọ̀tí. Ẹ má fi dúró, torí tó bá fi máa di oṣù kẹfà, ewé rẹ̀ á ti kú tán, ẹ ò ní rí ibi tó wà mọ́, kókó á sì wà lábẹ́ ilẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Bàbá Kabba, nílé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín sọ nípa kókó abẹ́ ilẹ̀ yẹn ni kí ẹ dì mú. Ẹ̀kan, koríko oko wa, ló kọ́ wa nírú ẹ̀kọ́ yẹn níbí. Ẹ fi àdá ṣán an, ó hù. Ẹ tiná bọ̀ ọ́, á tún yọ tútù yọ̀yọ̀ ṣáájú koríko yòókù. Gbòǹgbò rẹ̀ mú débi pé ó ń gún iṣu nínú ebè. Ohun tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ ni kí a wa gbòǹgbò náà jáde, kí a kó o kúrò lóko, ká wá gbin ohun tó máa ṣíji bo ilẹ̀. Kò fẹ́ òjìji rárá. Ẹ̀gúsí tó bá tàn dáadáa ń ṣiṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀.

Ewé Akíntọ́lá tó kún gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà wa náà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ló ti ṣẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1937 ló wọ Nàìjíríà, inú irúgbìn igi gmelina ló bá dé.

Ọmọ Isanlu, Alabama
Bàbá, ọ̀kun o. Ẹ̀kan yẹn gan-an ló ń dààmú wa níbí! Cogongrass ni wọ́n ń pè é. Nǹkan bí ọdún 1912 ló ti Japan wọ agbègbè Mobile, òun ni wọ́n fi di ẹrù inú àpótí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní gúúsù, tí ẹ bá rí i, ẹ pe àwọn aláṣẹ igbó ìpínlẹ̀ yín. Ẹ fọ ẹ̀rọ ìgékoríko kí ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀, torí gbòǹgbò tó bá rọ̀ mọ́ ọn á hù níbòmíràn.

Ọmọ Egbe, Manchester
Ti ọ̀dọ̀ wa ni Japanese knotweed. Nígbà ìrúwé, ọ̀mùnú rẹ̀ máa ń pọ́n, igi rẹ̀ á wá dà bí ọparun. Ẹni tó bá fẹ́ rà ilé, kó wo ẹ̀yìnkùlé dáadáa kó tó fọwọ́ síwèé. Ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè nípa rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù, báńkì sì lè má yá yín lówó láìsí ètò ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rọ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ má kó o sínú ààtàn ọgbà. Ìparí ooru, nígbà tó ń fa oúnjẹ lọ sí gbòǹgbò, ni oògùn apakoríko glyphosate ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ jù. Ọdún bíi mélòó kan ni iṣẹ́ yẹn ń gbà.

Ọmọ Iyara, Maryland
Mo dúpẹ́ o, Bàbá, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. A ti sún irúgbìn di oṣù kẹjọ. Ìtàkùn orí igi ńkọ́? Ṣé ká fà á wálẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Mopa, Maryland
Rárá, ẹ má fà á, ó lè ya ẹ̀ka lé yín lórí. Tó bá jẹ́ English ivy, ẹ gé e yí igi po nísàlẹ̀ àti níbi àyà, ẹ yọ ti àárín kúrò láìbó èèpo igi. Ti òkè á gbẹ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ewé rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta, tí ìtàkùn náà sì nírun, poison ivy nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì sun ún, èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ. Ivy tí ẹ bá gé, inú àpò ìdọ̀tí ni. Tó bá balẹ̀ tútù, á ta gbòǹgbò.