Wi-Fi ilé kò yọ lórí Ubuntu 24.04, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. `lspci -nn` fi hàn pé káàdì Wi-Fi Broadcom BCM43142 [14e4:4365] ló wà nínú laptop yìí. Mo fi okùn USB gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí fóònù, mo sì fi `bcmwl-kernel-source` (driver káàdì náà) sí i. Ó wọlé láìjà. Àmọ́ bí mo bá tẹ `sudo modprobe wl` láti gbé driver náà dìde, “Key was rejected by service” ló ń sọ.

Secure Boot (ààbò tí kì í jẹ́ kí driver tí kò ní ìbuwọ́lù tó mọ̀ ṣiṣẹ́) ni mo fura sí: nígbà tí ojú búlúù MOK (ibi tí a ti ń gba kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù driver wọlé) yọ, Continue ni mo tẹ̀ dípò Enroll MOK (ìkánjú!). Ṣé `sudo mokutil --import /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der` máa pe ojú yẹn padà, àbí kí n kúkú pa Secure Boot nínú BIOS? Windows tó ní BitLocker (tó ń ti dísìkì pa) ṣì wà lórí ẹ̀rọ kan náà, mi ò sì fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní recovery key.